Kíósì níhà gúúsù: bí a ṣe ń rin àwọn abúlé oje àti etíkun wọn

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 20 dé ẹsẹ 15 ti bá orúkọ erékùṣù yìí pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fiyè sí i. Pọ́ọ̀lù àti àwọn tí wọ́n jọ ń rìn wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dé ọ̀kánkán Kíósì, wọ́n kọjá lọ. Títí dòní, bí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ṣe ń ṣe nìyẹn. Santorini àti Mykonos, àwọn erékùṣù Gíríìsì tó lókìkí jù, ni wọ́n ń rọ́ lọ, tí wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn láti ya fọ́tò kan náà. Kíósì, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Híos, tí ẹ máa rí lójú tíkẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bíi Chios, wà lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn òkun Aegean. Ó sún mọ́ ilẹ̀ Tọ́kì débi pé bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ máa rí iná àwọn ará òdìkejì.

Ìhà gúúsù rẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín rìn. Igi kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sun oje olóòórùn dídùn. Másítíkà ni wọ́n ń pe oje náà, àwọn abúlé tó ń kórè rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní Mastichochoria, ìyẹn abúlé másítíkà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n máa ń kà wọ́n sí. Oje yìí ló kọ́ ilé wọn, òun ló mọ odi yí wọn ká, òun náà ló kó wọn yọ nínú ikú lọ́dún 1822. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ torí òkun nìkan, ẹ máa gbádùn òkun, àmọ́ ẹ ò tíì dé Kíósì. Nítorí náà, igi yẹn ni mo fi ṣe atọ́nà nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí: òwúrọ̀ fún oko àti abúlé, ọ̀sán fún òkun, ìrọ̀lẹ́ fún ojúde.

Ẹ kọ́kọ́ mú oṣù tí ẹ máa lọ

Oṣù tí ẹ bá mú ló máa sọ ohun tí ẹ máa rí. Ní oṣù Kẹfà, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbá abẹ́ igi mọ́ tónítóní, wọ́n á tẹ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n á sì fọ́n ẹfun sí i. Oko á wá dà bíi pé wọ́n tẹ́ aṣọ funfun róbótó sábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Keje ni wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ sára igi kí oje lè sun. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá dé àárín ni ìkórè bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí wọ inú oṣù Kẹwàá.

Oṣù Kẹsàn-án ni mo yàn fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, pàápàá ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Òkun ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí ó ti ń yá oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó wá fún ọlidé ti padà sí Áténì, àwọn tó ń kórè sì wà lóko. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, afẹ́fẹ́ àríwá tí wọ́n ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ gan-an, iye owó yàrá máa ń gòkè, oòrùn ọ̀sán ò sì ṣeé rìn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ nìkan ni àyè yọ, ẹ lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ máa jí ní kùtùkùtù. Ìgbà òtútù ò burú fún ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin máa ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ kékeré ṣa ìdọ̀tí ara másítíkà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ etíkun á ti tìlẹ̀kùn.

Ìwé ìrìnnà, kí ẹ tó san owó ohunkóhun

Gíríìsì wà nínú ìlànà Schengen, àdéhùn tó mú kí físà kan ṣoṣo tó fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Bí ẹ bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀ àmọ́ tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, físà náà kàn yín, láti ibi tí ẹ ń gbé lẹ sì ti máa béèrè rẹ̀. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà ti jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, láìka owó tí àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù bá fi lé e. Ẹ máa nílò ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò fún ìtọ́jú ìlera. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà, ó lè lo ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ní èbúté Kíósì, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Çeşme ní Tọ́kì láàárín wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ó máa wù yín pé kí ẹ fò kọjá lọ fún ọjọ́ kan. Bí físà yín bá jẹ́ onígbà kan, ẹ ti lo ìgbà kan yẹn nígbà tí ẹ wọ Gíríìsì. Tí ẹ bá ti kúrò, ẹ ò lè padà wọlé, ẹrù yín á sì wà ní yàrá ní abúlé Mesta níhà gúúsù. Tọ́kì náà sì ní físà tirẹ̀. Nítorí pé ibodè ni erékùṣù yìí, ẹ̀ṣọ́ lè dá yín dúró béèrè ìwé lójú ọ̀nà tàbí ní èbúté. Ẹ máa mú páásípọ́ọ̀tù gangan rìn, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ nínú fóònù.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Láti Áténì, bàálù máa ń gbà tó àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ojú omi ńlá láti èbúté Piraeus máa ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ, òru ló sì máa ń rìn jù. Ọkọ̀ ojú omi lèmi fẹ́ràn. Ẹ máa sùn, ẹ máa jí, òkè Kíósì á ti yọ níwájú yín nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Bí ẹ bá ní ọmọdé tàbí àgbàlagbà pẹ̀lú yín, ẹ san owó yàrá kékeré inú ọkọ̀. Bí ẹ bá dá wà, àga ti tó, ṣùgbọ́n ẹ mú aṣọ òtútù dání, torí ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ yẹn kì í ṣàánú ènìyàn.

Mọ́tò àti ibi tí ẹ máa sùn

Bọ́ọ̀sì wà láti ìlú Chios, níbi tí èbúté wà, lọ sí abúlé Pyrgi àti Mesta, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ wo abúlé kan ṣoṣo kó padà. Àmọ́ kò pọ̀ lójúmọ́, ó tún máa ń dín kù ní òpin ọ̀sẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn etíkun ni kì í sì í dé. Ẹ háyà mọ́tò, kékeré jù tí ẹ bá rí, nítorí àwọn ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí òkun tóóró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni mọ́tò irú láíséǹsì tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó ní láíséǹsì Nàìjíríà ní láti mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dání, ilé sì ni ẹ ti máa gbà á, ẹ ò lè rí i gbà níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà gẹ́gẹ́ bíi tilé, nítorí náà àwọn ará Nàìjíríà á wà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tiwa tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù ló máa ṣọ́ra.

Ẹ ra epo kún táǹkì nínú ìlú kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, ẹ sì gba owó yúrò dání. Wọ́n ń gba káàdì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń ta ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ò ní ẹ̀rọ káàdì.

Ibi tí ẹ bá sùn ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ń sùn ní Karfas lẹ́bàá ìlú torí pé yanrìn ibẹ̀ dára, wọ́n á wá máa fi mọ́tò wá wo abúlé ní ọ̀sán gangan, ìgbà tí gbogbo ilẹ̀kùn tì. Èmi sọ pé kí ẹ sùn sí Mesta, nínú ọ̀kan lára ilé òkúta àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe fún àlejò. Ọjọ́ mẹ́rin tó. Bí ẹ bá kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání tí wọ́n fẹ́ wà lómi láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ sùn sí Komi, ibi tí yanrìn wà, tí omi ò sì jìn létí, kí ẹ máa ti ibẹ̀ jáde.

Ọjọ́ kìíní: Armolia àti Pyrgi

Ẹ gba ọ̀nà gúúsù jáde nínú ìlú. Àwọn ọgbà ọsàn Kampos lẹ máa kọ́kọ́ kọjá, tí ògiri òkúta pupa gíga yí ká, òórùn òdòdó ọsàn sì máa ń gba ojú ọ̀nà kan nígbà ìrúwé. Ẹ má dúró pẹ́. Bí ẹ bá ti rin bí ogún kìlómítà, Armolia nìyẹn, abúlé àwọn amọ̀kòkò. Bí ẹ bá fẹ́ ra abọ́ tàbí ìkòkò, ibẹ̀ ni. Lórí òkè tó dojú kọ ọ́ ni àwókù odi Apolichnon tí àwọn ará Jẹ́nóà, ìlú oníṣòwò kan ní Ítálì, kọ́ ní bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè gùn ún.

Pyrgi wà ní bí kìlómítà 25 sí ìlú. Ẹ páàkì níta, ẹ fẹsẹ̀ wọlé.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí á dá yín dúró. Gbogbo ara ilé, láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé, títí dé abẹ́ fèrèsé, ló kún fún ọnà dúdú àti funfun: róbótó, igun mẹ́ta, oníràwọ̀, ìlà lórí ìlà. Xysta ni wọ́n ń pè é, ohun tí a họ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fi yanrìn dúdú po nǹkan ìrẹ́lé, wọ́n á rẹ́ ògiri. Wọ́n á kun ún ní funfun lé e lórí. Kí funfun náà tó gbẹ, oníṣẹ́ á fa ìlà sí i, á wá fi fọ́ọ̀kì họ àwọn ibi tó yẹ kúrò kí dúdú abẹ́ rẹ̀ lè yọ jáde. Fọ́ọ̀kì tí a fi ń jẹun ni mò ń sọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wo aládìrẹ ẹlẹ́kọ rí, tó ń fi lẹ́bẹ́ fa ìlà sórí aṣọ funfun, tí ibi tí ẹ̀kọ bá bò ò ní gba aró, ọkàn rẹ̀ á fà sí àwọn ògiri yìí. Ẹ wo ilé méjì tó fara ti ara wọn, ẹ máa rí i pé ọnà wọn kò jọra.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń so tòmátì kéékèèké jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á fi wọ́n kọ́ sí iwájú ilé. Pupa yẹn lórí dúdú àti funfun ni fọ́tò tí gbogbo ènìyàn ń yà. Ẹ yà á, kò burú. Ẹ ṣáà má ya ìyá tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ láìbéèrè.

Ẹ wá ẹnu ọ̀nà kékeré kan létí ojúde tó wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Àpósítélì Mímọ́, Agioi Apostoloi. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni, bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwòrán ara ògiri inú rẹ̀ sì ti wà láti 1665. Ẹ fi aṣọ bo èjìká kí ẹ tó wọlé. Ìborùn kan nínú àpò ti tó fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì erékùṣù náà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Pyrgi, aago méjì ọ̀sán ni. Mi ò rí ẹyọ ènìyàn kan, ilé oúnjẹ ti tì, mo sì rò pé abúlé náà ti di ahoro. Oorun ọ̀sán ni gbogbo wọn wà. Láti aago mẹ́ta sí aago márùn-ún ààbọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òfin gan-an ló ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ẹ má kan ilẹ̀kùn, ẹ má tan orin. Ẹ wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tàbí kí ẹ padà wá ní aago méje alẹ́, nígbà tí àwọn àgbà bá gbé àga síta.

Kí ẹ tó rìn síwájú: ẹ mọ igi náà

Lẹ́yìn odi Pyrgi ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé másítíkà wà, Chios Mastic Museum, tó ṣí lọ́dún 2016 lórí òkè kan tó dojú kọ oko. Kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ lo wákàtí méjì níbẹ̀ kí ẹ tó lọ síbikíbi mìíràn, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ bá rí máa tó yé yín.

Igi náà kò ga, ó máa ń ga tó mítà méjì sí mẹ́ta, ẹ̀ka rẹ̀ sì lọ́ bí ọwọ́ àgbà. Nígbà tó bá tó bí ọdún márùn-ún ni wọ́n ti lè máa gba oje lára rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń gún èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kéntima ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe ọnà sára aṣọ. Gbẹ́rẹ́ ni mo pè é lókè, mi ò sì rò pé mo ṣì í pè: ẹni tó ń sín in gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe máa jìn tó, torí ojú ọgbẹ́ tó bá jìn jù á ṣe igi léṣe. Oje á sun, á kán sórí ẹfun, á sì dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó le. Ẹkún ni wọ́n ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí wọ́n pa Isidore Mímọ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní bí ọdún 250, àwọn igi gúúsù sunkún fún un. Igi kan kì í sábà mú ìdajì kílò wá lọ́dún kan. Ní ọdún 2014 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ìmọ̀ iṣẹ́ yìí sínú àkójọ ogún àṣà aráyé.

Ẹ wá ro ohun tí èyí túmọ̀ sí nígbà kan. Ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Jẹ́nóà tí wọ́n ń pè ní Maona gba erékùṣù náà lọ́dún 1346, wọ́n sì dì í mú títí di 1566. Àwọn ló mọ odi yí àwọn abúlé yìí ká: láti lé ajalèlókun, àti láti rí i pé oje kankan ò gba ẹ̀yìn jáde. Ẹni tó bá jí másítíkà, ìyà líle ni. Nígbà tí Columbus kọ lẹ́tà nípa ìrìn-àjò rẹ̀ sí ìhà Amẹ́ríkà ní 1493, lára ohun tó fi ń tẹ́ ọba àti olorì Sípéènì lọ́rùn ni pé òun ti rí ilẹ̀ tó lè mú másítíkà wá bíi ti Chios.

Ìjọba Ottoman ti Tọ́kì, tí wọ́n ń pe ọba rẹ̀ ní Sultan, ló gbà á lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, nígbà ogun òmìnira àwọn Gíríìkì, ọmọ ogun Sultan ya wọ erékùṣù yìí. Wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn lọ tà lẹ́rú. Àwọn abúlé oje ni wọn ò pa run bíi tàwọn yòókù, nítorí pé ààfin Sultan ń fẹ́ másítíkà. Oṣù Kẹrin ọdún kan náà yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lórí òkun tiwa. Òun ló wá ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ìwé tí a ti ń ka orúkọ Kíósì. Mi ò lè dúró lórí òkè yẹn kí n wo oko náà kí ọ̀rọ̀ yìí má wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ kejì: òkúta dúdú

Láti Pyrgi, ọ̀nà kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Emporios, èbúté kékeré tí ilé oúnjẹ ẹja tò sí ẹ̀bá omi rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti ayé àtijọ́. Lórí òkè tó wà lókè rẹ̀ ni àwókù ìlú àti tẹ́ḿpìlì Athena, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́, wà, láti bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù. Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, àárọ̀ ni, pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

Ẹ rìn kọjá èbúté, Mavra Volia lẹ máa bá. Kò sí yanrìn níbẹ̀. Òkúta róbótó dúdú ló tẹ́ etíkun náà, ó dán bí ìgbà tí a fi epo pa á. Òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú láti ayébáyé ló pọ̀ wọ́n jáde, òkun sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún yí wọn di róbótó. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, àwọn òkúta náà á máa yí lu ara wọn, wọ́n á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ọpọ́n ayò tí a ń da ọmọ inú rẹ̀. Ìró yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ padà lọ.

Dúdú ń gba oòrùn mọ́ra. Tó bá fi máa di ọ̀sán, òkúta yẹn á jó ẹsẹ̀, kò sì sí igi tí a lè sá sí lábẹ́. Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó ṣeé fi wọ omi, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sílípáàsì, torí òkúta ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Omi ibẹ̀ tètè ń jìn: ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹsẹ̀ ò ní kan ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó jókòó sí etí. Ọ̀nà kékeré kan tún gba ẹsẹ̀ òkè lọ sí etíkun kejì, Foki, tí èrò rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe mú òkúta kankan lọ sílé. Òfin lòdì sí i, èrò tó ń wá síbẹ̀ sì pọ̀. Bí olúkúlùkù bá mú ẹyọ kan, etíkun á tán.

Ìpara oòrùn náà kàn wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé awọ dúdú kì í jó. Ó ń jó.

Bí ara bá ṣì le ní ọ̀sán, Vroulidia wà ní gúúsù pátápátá, níbi tí ẹ máa gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta funfun, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé ẹ máa rí òjìji ara yín nísàlẹ̀. Ibòji ò tó níbẹ̀, ẹ mú omi àti oúnjẹ dání. Bí ọmọdé bá wà, Komi ni kí ẹ kó wọn lọ.

Ọjọ́ kẹta: Olympi, ihò àpáta, àti òkun tó dákẹ́

Olympi wà láàárín Pyrgi àti Mesta, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi mọ́tò kọjá rẹ̀. Ilé ìṣọ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣì dúró ní àárín abúlé. Wákàtí kan tó. Ẹ mu kọfí, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ gba ọ̀nà òkun.

Ihò àpáta Olympi ni ẹ máa kàn. Ọdún 1985 ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Òkúta ń rọ̀ láti òkè bí aṣọ títa, òmíràn ń hù láti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń wà ní bí ìwọ̀n 18 Celsius lọ́jọ́ gbogbo, èyí tó jẹ́ ìtura ńlá bí ìta bá gbóná. Afinimọ̀nà ló ń mú ènìyàn wọlé, nítorí náà ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó gbéra. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà náà parí sí Agia Dynami, ṣọ́ọ̀ṣì funfun kékeré kan tó dá dúró létí òkun, pẹ̀lú etíkun kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí òun máa ti gbàdúrà kí òun tó wẹ̀, òun nìyí. Bí ẹ bá tún fẹ́ ibi tí kò sí ẹnì kankan, ẹ lọ sí Fana, níbi tí àwókù tẹ́ḿpìlì òrìṣà wọn àtijọ́ mìíràn, Apollo, wà ní ìtòsí omi.

Ọjọ́ kẹrin: Mesta

Bó bá ṣe pé Mesta lẹ ń sùn, ẹ ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Àmọ́ ẹ fún un ní ọjọ́ kan gédégédé.

A mọ odi ìlú nílẹ̀ wa, odi tí wọ́n mọ yí ilé ká. Ní Mesta, ilé gan-an ni odi. Àwọn ilé tó wà níta fara mọ́ra wọn pinpin, ẹ̀yìn wọn tó kọjú síta kò ní ilẹ̀kùn. Ẹnu ibodè péré ni wọ́n ń gbà wọlé. Inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tóóró tó ń yí, tó ń pín, tó ń kú síwájú ògiri, tí àpáta òkúta bò lórí níbòmíràn débi pé ọ̀sán dà bí alẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọlọ́ṣà lè sọ nù. Òrùlé sì dọ́gba, kí àwọn ọmọ abúlé lè máa sá láti orí ilé kan sí òmíràn títí dé ilé ìṣọ́ àárín. Ilé ìṣọ́ yẹn ò sí mọ́. Ibi tó wà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Megas Taxiarchis sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ti àtijọ́, Palaios Taxiarchis, kéré sí i, ó sì farapamọ́. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí igi gbígbẹ́ inú rẹ̀ yẹ ní wíwò.

Ẹ pa fóònù. Máàpù ò wúlò láàárín àwọn ògiri yẹn. Ẹ sọ nù, gbogbo ọ̀nà ló ń padà sí ojúde.

Ìkíni ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹ máa jẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á wò yín. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Fún àgbàlagbà, ẹ sọ pé yá sas. Fún ẹgbẹ́ tàbí ọmọdé, yá su. Bí a ṣe ń ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára o gan-an ni wọ́n ń ya sas kúrò lára su, àwọn náà sì mọ iyì ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò. Mo ti rí i kí ojú tó le di ẹ̀rín, kí wọ́n sì na èso ọ̀pọ̀tọ́ sí àlejò.

Ní ọ̀sán, Apothika ò jìnnà, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì dára fún ẹni tó fẹ́ wo ẹja nísàlẹ̀. Didyma náà wà nítòsí, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìbejì. Fún alẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ wà mọ́tò lọ sí Lithi ní etí ìwọ̀-oòrùn, ẹ jẹ ẹja níwájú oòrùn tó ń wọ̀.

Oúnjẹ, àti àwọn nǹkan kéékèèké

Kílò ni wọ́n fi ń ta ẹja tútù. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ kó tó dé orí iná. Ẹ béèrè mastelo, wàràkàṣì erékùṣù náà tí wọ́n ń yan. Fún àdídùn, ẹ ní kí wọ́n gbé ypovrichio wá: másítíkà onísúgà funfun lórí ṣíbí nínú ife omi tútù. Ẹ lá ṣíbí, ẹ mu omi. Souma, ọtí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ pọn, le. Ẹni tó ń wa mọ́tò kó má fọwọ́ kàn án. Ata wọn ò ta rárá. Ẹ lè di ata gígún dání, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà láti ilé, òfin Yúróòpù ò gbà á.

Omi inú ìgò ni kí ẹ máa mu. Bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú garawa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa jù ú sí, torí páìpù wọn kéré. Ẹ má dáná rárá níta, ẹ má sì ju ìdí sìgá sínú koríko: iná ọdún 2012 jó ọ̀pọ̀ igi másítíkà, igi tó sì ti tó ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí a lè tún gbìn lọ́la. Bí wàhálà kankan bá dé, 112 ni nọ́ńbà tí ẹ máa pè.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà, ẹ ra másítíkà gangan, èyí tó wà ní ẹyọ-ẹyọ, tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ sí lára. Ẹgbẹ́ yẹn ti wà láti 1938, owó yín á sì dé ọwọ́ ẹni tó sín igi. Nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀ ní èbúté, ẹ mú ẹyọ kan sẹ́nu. Ẹ má sáré run ún, á fọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí ooru ẹnu kọ́kọ́ rọ̀ ọ́. Á korò díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á funfun, á sì máa fà, òórùn rẹ̀ á jọ ti igi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lára.